Bí ẹ ṣe lè bá nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ yín sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ flu

Wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní London. Bí oṣù Kẹwàá bá ti wọlé, mo máa ń wà lára àwọn tó ń fún òṣìṣẹ́ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára flu. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ṣe dandan, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹnu ni gbogbo agbára wa.

Ẹ má fi àlàyé bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń kọ yín lóminú nípa abẹ́rẹ́ yìí?” Kí ẹ wá dákẹ́ títí wọn yóò fi sọ tán. Ẹni tó ń bẹ̀rù gelatin, èròjà tí wọ́n ń mú jáde lára ẹlẹ́dẹ̀, kò nílò ìwàásù lórí àjàkálẹ̀ àrùn. Èyí tí wọ́n ń fín sí imú àwọn ọmọdé ni gelatin wà nínú rẹ̀, kò sí nínú abẹ́rẹ́ tiwa. Ó parí.

Èyí tí mò ń gbọ́ jù ni “mo gbà á, flu ló fún mi.” Ẹ má ní irọ́ ni wọ́n ń pa; ara wọn gbóná lóòótọ́. Ẹ sọ pé kò sí kòkòrò tó wà láàyè nínú abẹ́rẹ́ náà, kò lè fa flu. Apá lè dùn wọ́n, ara sì lè gbóná díẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n ààbò náà ń gba bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó múlẹ̀, flu gidi sì lè wọlé kó tó dìgbà yẹn.

Ẹ má ṣèlérí pé kò ní ṣe wọ́n rárá. Láti oṣù Kejì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń yan ẹ̀yà kòkòrò tí abẹ́rẹ́ ìgbà òtútù tó ń bọ̀ yóò dènà, ọdún mìíràn sì wà tí èyí tí wọ́n yàn kì í bá kòkòrò tó ń jà kiri mu dáadáa. Nọ́ọ̀sì ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀: tí ẹ bá fi èyí pamọ́, wọn ò ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Fún ẹni tó ní ara òun le, ẹ sọ̀rọ̀ bàbá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Èèyàn lè ní flu láìmọ̀, kó sì kó o ran aláìsàn.

Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní alágídí, a ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn ni. Iṣẹ́ òru ni wọ́n ń ṣe, ọ̀sán la sì ń tẹ́ tábìlì abẹ́rẹ́. Ó ń dùn mí gan-an. Ẹ gbé e lọ bá wọn lóru, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba iṣẹ́ tán: abẹ́rẹ́ nínú àpótí tútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius, adrenaline (oògùn tí a fi ń gba ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ abẹ́rẹ́ gidigidi là) nítòsí, fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá kọ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ tún ń bọ̀, ẹ má sì dárúkọ rẹ̀ níwájú àwọn yòókù.