Bí Atọ́ka Kọ̀ǹpútà Tó Ti Pẹ́ Bá Ń Fò Kiri

Ní Ìbàdàn, kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti pẹ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Bí atọ́ka rẹ̀, ìyẹn ọfà kékeré tí máòsì ń darí lójú kọ̀ǹpútà, bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tàbí kí ó máa fò láti igun kan sí èkejì, fáírọ́ọ̀sì ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ ń fura sí, wọn a sì gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Queen Cinema kí wọ́n lè fi Windows tuntun sí i. Ẹ má tíì náwó yẹn. Máòsì gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ẹ dojú rẹ̀ dé. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń tan iná lábẹ́, kámẹ́rà kékeré kan wà nínú ihò rẹ̀ tó ń ya àwòrán ojú tábìlì léraléra, tó sì ń fi wọ́n wéra kí ó lè mọ ibi tí a ń fà á lọ. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń ṣìnà lórí gíláàsì tàbí tábìlì tó ń dán bíi dígí, tí irun kan ṣoṣo tàbí eruku ọyẹ́ tó wọ ihò náà sì fi lè dà á láàmú. Ẹ fi òwú tí a fi ń nu etí, tí ẹ kán spíríìtì díẹ̀ sí, nu ihò náà, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ sì dán an wò lórí bébà funfun. Bí ó bá jẹ́ ti ayé àtijọ́ tó ní bọ́ọ̀lù, ẹ yí òrùka abẹ́ rẹ̀, ẹ yọ bọ́ọ̀lù náà, kí ẹ sì fi èékánná ha ìdọ̀tí tó dì mọ́ àwọn ọ̀pá kéékèèké inú rẹ̀ kúrò. Ẹ má lo ọ̀bẹ.

Lẹ́yìn èyí ni wáyà. Ẹ rọra tẹ ọrùn rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí atọ́ka bá ń fò bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, wáyà ti já nínú, ẹ ra máòsì mìíràn. Bí wáyà kò bá já, tí ẹnu rẹ̀ sì rí pẹlẹbẹ, USB nìyẹn: ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi sínú ihò mìíràn lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnu wáyà bá rí róbótó, tó ní àwọ̀ ewé, PS/2 nìyẹn: ẹ pa kọ̀ǹpútà kí ẹ tó yọ ọ́, nítorí a kò ṣe é fún yíyọ nígbà tí iná wà lára ẹ̀rọ, ó sì lè ba bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà jẹ́. Èyí tó dára jù lójú mi ni kí ẹ yá máòsì aládùúgbò: bí tirẹ̀ bá rìn geere, ọ̀rọ̀ ti parí.

Bí tirẹ̀ náà bá ń fò, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ main.cpl, kí ẹ sì tẹ Enter kí ojú ètò máòsì lè ṣí. Tab àti àwọn bọ́tìnnì ọfà yóò gbé yín dé Pointer Options, níbi tí ẹ ó ti dín eré atọ́ka kù, tí ẹ ó sì yọ àmì kúrò níwájú Enhance pointer precision. Atọ́ka tó ń dúró gbagidi kí ó tó fò yàtọ̀ sí èyí tó ń gbọ̀n: ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ wo ètò tó ń jẹ agbára ẹ̀rọ tán, kí ẹ sì pa á. Bí ó bá jẹ́ orí jẹnẹrétọ̀ nìkan ni ó ti ń gbọ̀n, ẹ fura sí iná tí kò dúró déédéé.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ máòsì pátápátá, tí atọ́ka ṣì ń rìn, tó tún ń ṣí fáìlì bí ẹni pé ẹnìkan ló ń darí rẹ̀, ẹ gé kọ̀ǹpútà náà kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀ kí ẹ tó gbé e tọ onímọ̀ lọ.