Tí Ilé-Iṣẹ́ Bá Ní Òṣìṣẹ́ Ti Pọ̀ Jù: Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Síwèé

Bí ọ̀gá bá pè yín sí ọ́fíìsì ní Wuse tàbí Garki ní Àbújá, tó ní ilé-iṣẹ́ fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, tó sì na ìwé kan sí yín pé kí ẹ fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ẹ ó kà á nílé, ẹ ó sì fèsì. Bí wọ́n bá ta kú pé àfi kí ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ gba lẹ́tà náà ni, ẹ kò tíì fara mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀.

Èyí tó burú jù nínú ìwé tí wọ́n lè gbé síwájú yín ni èyí tó ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á ní kò ní ba orúkọ yín jẹ́, pé ó máa rọrùn láti ríṣẹ́ míì. Ẹ má kọ ọ́. Ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò lè béèrè owó ẹni tí wọ́n dá dúró. Òótọ́ ni pé ilé ẹjọ́ lè gbà pé ipá ni wọ́n fi mú yín kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọrùn yín ni ẹ̀rí rẹ̀ máa wà.

Òfin kò ní kí ilé-iṣẹ́ má dín òṣìṣẹ́ kù. Bí iṣẹ́ bá dínkù lóòótọ́, wọ́n lè ṣe é. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni ẹjọ́ wà. Abala 20 nínú Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ka ohun mẹ́ta sílẹ̀: kí wọ́n sọ ìdí rẹ̀ àti bó ṣe máa gbòòrò tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tàbí aṣojú wọn, kí ẹni tó dé kẹ́yìn kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n sì sa gbogbo ipá wọn láti bá òṣìṣẹ́ dúnàádúrà lórí owó tí wọ́n máa san. Òfin yìí kò dárúkọ iye kankan. Nítorí náà, inú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín, ìwé ìlànà òṣìṣẹ́, tàbí àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá ilé-iṣẹ́ ṣe lẹ ti máa rí iye owó náà. Ohun míì tún wà: àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni Labour Act ń pè ní òṣìṣẹ́. Bí ẹ bá jẹ́ mánéjà, ẹnjiníà tàbí oníṣirò owó, ìwé àdéhùn yín lẹ máa gbára lé jù. Ọ̀nà míì pátápátá ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Agbẹjọ́rò ni kí wọ́n tètè rí.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó dé kẹ́yìn yìí ni ilé-iṣẹ́ ti máa ń ṣe àṣìṣe jù, ó sì yẹ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Láàárín àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti ń ka ẹni tó dé kẹ́yìn, kì í ṣe láàárín gbogbo ilé-iṣẹ́. Bí òtẹ́ẹ̀lì kan bá ní káṣíà mẹ́jọ tó sì fẹ́ dá méjì dúró, àwọn méjì tó dé kẹ́yìn nínú àwọn mẹ́jọ náà ló yẹ kó lọ, àyàfi tí wọ́n bá lè fi hàn pé àwọn yẹn mọṣẹ́ tàbí ṣeé fọkàn tán ju àwọn yòókù lọ. Ẹ kọ orúkọ gbogbo àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà sílẹ̀, ẹ kọ ọdún tí kálukú wọlé sí i, kí ẹ fàmì sí àwọn tó kù lẹ́nu iṣẹ́. Bí wọ́n bá ní ẹ kò ṣe dáadáa tó, ẹ gbé èsì àyẹ̀wò iṣẹ́ yín ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn jáde. Bí wọ́n bá sì polówó iṣẹ́ yín gan-an kò pẹ́ tẹ́ ẹ lọ, ẹ ya àwòrán ìpolówó náà kí ọjọ́ rẹ̀ hàn, nítorí ibi tí wọ́n ti ń wá ẹlòmíì, òṣìṣẹ́ ò pọ̀ jù níbẹ̀.

Kí wọ́n tó ti ímeèlì yín pa, ẹ kó lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, lẹ́tà ìgbéga, ìwé ìlànà òṣìṣẹ́, payslip ọdún kan ó kéré tán, àti ìwé ìsinmi jọ. Ẹ má fọwọ́ kan fáìlì oníbàárà tàbí àṣírí ilé-iṣẹ́. Wọ́n lè sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, kí wọ́n sì lé yín láìsan kọ́bọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá wà lórí WhatsApp, ẹ má ta fóònù náà. Abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 béèrè ìwé ẹ̀rí lórí ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jáde, fóònù náà sì máa wúlò fún agbẹjọ́rò yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò owó yín fúnra yín. Ká ní 180,000 náírà ni àpapọ̀ owó oṣù yín, ẹ ti lo ọdún 6, ìwé ìlànà sì ní kí wọ́n san ọ̀sẹ̀ méjì fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ 12 nìyẹn. Ẹ fi oṣù 12 sọ 180,000 di púpọ̀, ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ 52 tó wà nínú ọdún, ọ̀sẹ̀ kan á jẹ́ 41,538. Ọ̀sẹ̀ 12 á lé díẹ̀ ní 498,000. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi basic nìkan ṣe é, ìyẹn owó oṣù láìka àjẹmọ́nú, tí basic yín sì jẹ́ 72,000, bíi 199,000 péré lẹ máa gbà. Ẹ ka gbólóhùn inú ìwé ìlànà náà léraléra: bí kò bá dárúkọ basic, ẹ béèrè ẹni tó ní kí wọ́n fi basic ṣírò. Ẹ fi owó ìsinmi tẹ́ ẹ kò tíì lò kún un, àti owó ìkìlọ̀, ìyẹn owó tí wọ́n máa san bí wọn kò bá sọ fún yín ṣáájú kí wọ́n tó dá yín dúró. Ìkìlọ̀ tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ ọjọ́ kan fún ẹni tí kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì bí kò bá tíì pé ọdún márùn-ún, oṣù kan láti ọdún márùn-ún lọ sókè. Bí àdéhùn yín bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àdéhùn ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Bí owó bá wọ àkáùǹtì yín, ẹ má dákẹ́. Ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹni tó gbowó láìjanpata ti fara mọ́ ọ̀nà tí wọ́n gbà dá a dúró. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ kọ lẹ́tà pé apá kan ẹ̀tọ́ yín lẹ gbà yẹn, kí ẹ ka èyí tó kù sílẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀, kí ẹ béèrè bí wọ́n ṣe yan àwọn tó lọ, kí ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ 14 láti fèsì. Ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́, kí ẹ tún mú ẹ̀dà kan lọ kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀ pé àwọn gbà á. Ẹ má fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tó ní ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, ẹ kò ní ẹjọ́ kankan mọ́.

Àwa Yorùbá a máa wá àgbà tó máa bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹnu ni kí ẹ fi bẹ̀bẹ̀. "Ẹ foríjì mí" tó bá wà lórí ìwé lè di ẹ̀rí lọ́la pé ẹ ṣẹ̀.

Bí wọn kò bá fèsì, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ ń sanwó fún, tàbí ọ́fíìsì Mínísírì ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ (Ministry of Labour) ní ìpínlẹ̀ yín. Ẹ má lọ fi ọlọ́pàá mú ẹnikẹ́ni. National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti ilé-iṣẹ́, ló ni ẹjọ́ yìí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣàtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa ní 2010. Àbújá ni olú ilé rẹ̀ wà, ó sì ní ẹ̀ka ní Kánò, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì. Kì í sábà dá òṣìṣẹ́ padà sí ilé-iṣẹ́ aládàáni. Owó yín lẹ ń lé. Bí owó ilé Kubwa tàbí Nyanya bá sì fẹ́ lé yín padà sílé ní Ìbàdàn tàbí Ìlọrin, ẹ kọ́kọ́ fi àdírẹ́sì tuntun lé agbẹjọ́rò lọ́wọ́, kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ má bàa kọjá láìmọ̀.

Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ilé-iṣẹ́ yín san 10% tirẹ̀ àti 8% tí wọ́n ń yọ lára owó yín lóṣooṣù. Bí oṣù kan bá fò, ẹ kọ̀wé sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Bí ẹ kò bá tíì pé ẹni 50 ọdún, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá láìríṣẹ́ míì, ẹ lè gba tó 25% nínú ohun tó wà nínú àkáùǹtì náà, àmọ́ lẹ́tà ìdádúró yín ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.