Kí ẹ tó sanwó láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, ẹ wo graphics rẹ̀

Ọmọ kan gbé láàpútọ́ọ̀pù wá sí ìsọ̀ mi ní Òkè-Fíà. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní graphics inú rẹ̀ lágbára. Ẹ wo sítíkà ATI lára rẹ̀." Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀rọ yẹn àti ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojúgbà.

Sítíkà yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ilé-iṣẹ́ Kánádà tó ń ṣe graphics, ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sójú ẹ̀rọ, ni ATI. AMD ará Amẹ́ríkà, tó ń ṣe prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, rà á ní 2006, ó ná wọn tó bílíọ̀nù dọ́là 5.4. Ní 2010 wọ́n kéde pé àwọn ò ní lo orúkọ ATI mọ́, Radeon, orúkọ graphics wọn, ló kù. Tí ẹ bá rí ATI, ẹ̀rọ àtijọ́ ni, ẹ má náwó gidi lé e.

Láti 2011 ni AMD ti ń kó prósẹ́sọ̀ àti graphics sójú kan náà, wọ́n pè é ní APU. Tọkọtaya inú yàrá kan ni wọ́n. Àwo kan náà ni wọ́n sì jọ ń jẹ, ìyẹn RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Ẹ ra 4GB, graphics á ti bù lára rẹ̀ kí ẹ tó tan nǹkan kan.

Ẹ tẹ Windows àti R pọ̀, ẹ kọ dxdiag, ẹ tẹ Enter. Ẹ lọ sí Display, orúkọ graphics wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc, ẹ wọ Performance, ẹ wo GPU, ìyẹn graphics náà. Dedicated ni ìrántí tirẹ̀ gan-an. Shared, RAM yín ni. Àwọn tó ń tajà máa ń ro méjèèjì pọ̀, wọ́n á ní "8GB graphics!" Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ẹ ṣì wà nínú Performance, ẹ tẹ Memory, ẹ wo "Slots used". Tó bá jẹ́ 1 of 2, RAM kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. APU ò fẹ́ràn ìyẹn rárá: 4GB méjì sàn fún un ju 8GB kan lọ, torí ọ̀nà méjì ni yóò máa gbà kó nǹkan. Èmi máa ń fi ìkejì sí i fún oníbàárà, géèmù tó ń fà tẹ́lẹ̀ á sì máa sáré geere.

Tẹ́ni tó ń tà á bá ní iná ò sí, kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ ní kó tan bátìrì. Bátìrì tí ò lè dúró títí ẹ fi wo nǹkan mẹ́ta yìí, owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò nínú iye tó pè.