Bí A Ṣe Ń Kọ Orin Tó Ń Sọ Ìtàn

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló lè kọ orin ìfẹ́ tàbí orin ìyìn, àmọ́ tí wọ́n bá ní ká fi orin sọ ìtàn báyìí, ó máa ń dojú rú, torí ẹni tó ń gbọ́ orin kì í ṣe ẹni tó ń kàwé, ọ̀rọ̀ tó bá ti kọjá létí ẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò lè ṣí i padà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe ń ṣe é níbí ní Ẹ̀pẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ mú ìtàn tó kéré. Gbogbo wa níbí la mọ ìtàn Kòsọ́kọ́ ọba Èkó, pé lọ́dún 1851 táwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá sí Èkó, ó kó àwọn èèyàn ẹ̀ sá wá sọ́dọ̀ wa, ó di 1862 kó tó padà sílé. Ọdún 11 nìyẹn o, ẹ ò lè kì í bọnú orin ìṣẹ́jú 4. Àmọ́ ẹ lè mú obìnrin kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ lóru, tó fọwọ́ bo ọmọ ẹ̀ lẹ́nu kó má bàa ké. Ìyẹn tó orin.

Tẹ́ ẹ bá ti mú un, ẹ má tíì wá bíìtì. Ẹ gbé fóònù, ẹ sọ ìtàn náà sínú ẹ̀ lẹ́nu lásán bí ìgbà tẹ́ ẹ ń sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ yín, kẹ́ ẹ wá padà gbọ́ ọ. Ibi tí ohùn yín ti rọlẹ̀ fúnra ẹ̀, ibẹ̀ ni ìtàn gangan wà, ibẹ̀ ni kí lílé yín pẹ́ sí. Ìlà kọ̀ọ̀kan ti tó èyí tó kù.

Ègbè ló kàn, mo sì máa ń lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí ẹ̀ nígbà míì. Ẹ rántí àlọ́ tí wọ́n ń pa fún wa ní kékeré, ẹni tó ń pàlọ́ á máa sọ̀rọ̀ lọ, tó bá débi tó le á dá orin, àwa ọmọdé á máa gbè é, ègbè yẹn kì í yí padà àmọ́ ìyà tó ń jẹ ẹni inú àlọ́ ti pọ̀ sí i kó tó tún dé, torí náà ọ̀rọ̀ kan náà á wá máa dunni ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tẹ́ ẹ ń wá nìyẹn. Mo kọ ọ̀kan nípa ìyàwó apẹja tó ń dúró létí ọ̀sà, lápá Ọjà Olúwo, ègbè ẹ̀ ni:

*Ilẹ̀ ti mọ́ o, ọkọ̀ ò dé.*

Lẹ́ẹ̀kíní, ọkọ̀ pẹ́ díẹ̀ ni, àwọn tó ń ta ẹpìyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé àárò ọkọ ti ń sọ ọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, oòrùn ti mú, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, omi gbé ọkọ̀ wá sébùúté lófìfo, ègbè wá di:

*Ọkọ̀ ti dé o, ọkọ ò dé.*

Ẹ wò ó, ohùn kan péré ló yí padà tí ọkọ̀ ò dé fi di ọkọ ò dé, mi ò sì sọ pé ẹnikẹ́ni kú.

Àmọ́ kò lè ṣiṣẹ́ tí ohùn orin ò bá tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ síbí. Tí orin bá lọ sókè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ á di ọkọ́, ẹni tó ń gbọ́ á rò pé oko lẹ ń lọ. Ṣé ẹ rí àwọn orin ìsìn àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ohùn orin Òyìnbó, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ máa ń lọ́ gan-an, tí ò bá sí ìwé orin lọ́wọ́ yín, ẹ lè máà mọ nǹkan tí wọ́n ń kọ. Èmi máa ń bẹ ẹni tó ń lu gángan kó fi ìlù sọ gbólóhùn náà, táwọn tó ń gbọ́ bá dá a mọ̀ látinú ìlù nìkan, ó ti dáa.

Ẹ má da ara yín láàmú pé ìparí ìlà gbọ́dọ̀ dún bákan náà bíi tàwọn rápà o, àwítúnwí àti ìlà tó ń dá ara wọn lóhùn ti tó wa. Ohun tójú rí ni kẹ́ ẹ máa wá. Dípò kẹ́ ẹ ní inú ẹ̀ bà jẹ́, ẹ ní ó jẹ́ kí ẹja ọ̀bọ̀kún jóná lórí iná.

Tó bá ti parí, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré fún ẹni tí ò gbọ́ ọ rí, ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan, kẹ́ ẹ ní kó sọ ìtàn náà padà fún yín. Ibi tó bá ti rú u lójú, ẹ tún un ṣe. Àǹtí kan tó ń yan ẹja ni mo kọ tèmi fún, wọ́n sọ ọ́ padà pátá, wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló wá so ọkọ̀ yẹn mọ́lẹ̀?" Mi ò ronú kan ìyẹn rárá. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ lílé tó kẹ́yìn:

*Ó wọnú omi, ó fa ọkọ̀ jáde,*
*Ó so ó mọ́pòó bí ọkọ ẹ̀ ṣe máa ń so ó,*
*Kókó kan, kókó méjì,*
*Ó padà sídìí àtẹ, ó ní, ẹja rè é o.*