Ìrírí mi: bí mo ṣe to òfin dídá káráktà fún D&D wa, ohun tí mo fàyè gbà àti ohun tí mo tì pa

Géèmù tuntun tá a fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo máa darí ẹ̀, D&D ni (Dungeons and Dragons, géèmù orí tábìlì tí kálukú ti ń dá ẹ̀dá inú ìtàn kan, ìyẹn káráktà, tí dáìsì sì ń sọ bóyá ohun tó dáwọ́ lé á bọ́ sí i), òfin 2014 la sì ń lò. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan dáìsì ni mo ti jókòó ti ọ̀rọ̀ káráktà, irú èyí téèyàn lè dá àti irú èyí tí ò ní wọlé. Ìwé òfin àwọn olùṣeré nìkan, kíláàsì (irú iṣẹ́ tí káráktà ń ṣe) 12 ló wà nínú ẹ̀, ká má tíì sọ ti àwọn ìwé tó tẹ̀ lé e tí wọ́n ń da nǹkan tuntun lé e lórí. Tó o bá ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹ̀, ẹni tó ráyè kàwé jù lórí tábìlì ló máa jẹgàba lé àwọn yòókù. Tó o bá sì tì í jù, káráktà á wá dà bí aṣọ ẹgbẹ́, gbogbo wọn á jọra.

Mi ò béèrè kíláàsì lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ohun tí mo bi wọ́n ni pé, kí lẹ fẹ́ kí káráktà yín máa ṣe tí gbogbo ojú á fi máa yíjú sí yín? Ọ̀kan ní òun fẹ́ dúró níwájú kí ìyà máa bá òun kó tó kan àwọn yòókù. Ọ̀kan fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ, kó máa bá ọba àti ẹ̀ṣọ́ dúnàádúrà. Ọ̀kan fẹ́ máa yọ́ wọlé kó máa ṣí àgádágodo. Èyí tó kéré jù nínú wa ní òun fẹ́ fò. Mo kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí bébà, bébà yẹn ni mo sì fi ń wọn gbogbo òfin tó kù, torí ohun tó máa ń dun èèyàn nídìí géèmù yìí kì í ṣe pé ẹlòmíì lágbára jù ú lọ, ohun tó ń dunni ni kí ẹlòmíì máa fọwọ́ òsì ṣe iṣẹ́ tó o tìtorí ẹ̀ wá.

Nọ́ńbà ló kàn, mẹ́fà tó ń sọ bí káráktà ṣe lágbára tó, bó ṣe gbọ́n tó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà kan ni kéèyàn ju dáìsì mẹ́rin kó yọ èyí tó kéré jù kúrò, ó dùn o, ṣùgbọ́n ẹnì kan lè ní 18 kí èyí tó ga jù lọ́wọ́ ẹnì kejì sì jẹ́ 13. 18 ń fi +4 kún ohun tó o bá jù, 13 ń fi +1 kún un, lórí dáìsì ojú 20, +1 kan jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ìyẹn ni pé ìdá 15 nínú 100 lẹni kejì á fi máa wà lẹ́yìn nínú gbogbo nǹkan tó bá dáwọ́ lé, títí géèmù á fi parí. Mi ò fẹ́ ìyẹn rárá. Pọ́íǹtì 27 ni mo fún kálukú láti fi ra nọ́ńbà ẹ̀, gbogbo èèyàn bẹ̀rẹ̀ láti 8, kò sẹ́ni tó lè ra kọjá 15, àti pé téèyàn bá ti kọjá 13, pọ́íǹtì méjì méjì ni wọ́n ń gbà, ìdí nìyẹn tí 15 kan ṣoṣo fi jẹ́ pọ́íǹtì 9. Mo fẹ́ràn òfin yìí gan-an torí kò fòfin de ohunkóhun, owó ló bù lé e. O fẹ́ 15 mẹ́ta? Ó yá, ra á, 27 ẹ tán nìyẹn, mẹ́ta tó kù dúró sí 8. Ẹnì kan tó fẹ́ràn dáìsì ṣá fajú ro díẹ̀, mo ní kó lọ ju dáìsì fún ìwà káráktà ẹ̀, àtẹ wà nínú ìwé fún un, ìwà ṣojú 8, àléébù ṣojú 6, nígbà tó rí ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ inú ẹ̀ dùn.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà, bóyá èèyàn ni káráktà tàbí arárá, ò pẹ́ rárá. Láyé AD&D, ẹ̀dà àtijọ́ géèmù yìí, arárá ò lè jẹ́ oṣó, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí kì í ṣe èèyàn sì ní lẹ́fẹ̀ẹ̀lì (ìpele tí káráktà ń gùn bó ṣe ń dàgbà) tí wọn ò lè kọjá, ẹ̀dà kẹta tó jáde ní 2000 ló pa ìyẹn rẹ́. Èmi náà ò dá a padà. Mo tún jẹ́ kí kálukú gbé àfikún nọ́ńbà tí ẹ̀yà ń fúnni síbi tó wù ú, òfin 2020 fàyè ẹ̀ gbà.

Pípo kíláàsì méjì pọ̀ ni mo tì pa. Ìwé ní kéèyàn ní ó kéré tán 13 nínú ohun tí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ń lò, ṣùgbọ́n gètì yẹn ò ga tó. Ẹ wo Paladin (jagunjagun tó búra) tó bá mú lẹ́fẹ̀ẹ̀lì kan péré nínú Warlock (oṣó tó bá ẹ̀dá alágbára mulẹ̀) irú ti Hexblade: Charisma, ìyẹn nọ́ńbà fífa ojú ẹni mọ́ra, ló máa fi ja idà, Charisma ló máa fi pidán, Charisma yẹn náà ló máa fi bá ọba sọ̀rọ̀. Ẹ padà wo bébà mi. Ẹni tó fẹ́ dúró níwájú àti ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀, iṣẹ́ àwọn méjèèjì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, kò sì tíì ṣe wàhálà kankan.

Ti fífò ló gba àkókò jù. Ọmọ náà ti rí Aarakocra, ẹ̀yà ẹni-ẹyẹ, nínú ìwé, ó ń fo 50 ẹsẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá kàn án nínú ìjà, láti lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 1.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí n fò ni?"

Mo ní, "Àbúrò, wàá fò. Ìgbà tó o máa fò la fẹ́ sọ."

Mo ṣàlàyé fún un pé Wizard, kíláàsì oṣó gan-an, lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 5 ló tó lè kọ́ idán Fly, ìyẹn idán fífò, àti pé ẹni tó wà lókè pẹ̀lú ọrun gígùn tó ń ta dé 150 ẹsẹ̀, ìkookò ò lè ṣe nǹkan kan fún un, kòtò ò kàn án, odi ò kàn án, ẹni tó ń yọ́ wọlé ò sì níṣẹ́ mọ́. A wá gbà pé ìyẹ́ ẹ̀ á máa dàgbà: ní lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 1 kò ní fara pa tó bá já bọ́ láti òkè, ní 3 á lè fò ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ balẹ̀ kí àsìkò tiẹ̀ nínú ìjà tó parí, ní 5 kó máa lọ bó ṣe wù ú. Inú ẹ̀ dùn sí èyí ju ti inú ìwé lọ, torí ó ní nǹkan tó ń retí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ nìyí o. Nínú ìlú tí mo dá, ọba fòfin de idán. Ẹnì kan sọ fún mi pé kí n ṣáà gba gbogbo nǹkan tó lágbára jù láàyè, kí n wá jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ máa lé oní-nǹkan náà kiri. Mo kọ̀. Ìyà inú ìtàn kì í dín agbára inú ìṣirò kù. Tí ẹ̀ṣọ́ bá ń lé Wizard, gbogbo ẹgbẹ́ ni wọ́n ń lé, àwọn tí ò jẹ nínú agbára náà ló tún ń bá a pín ìyà ẹ̀, àti pé tí ìjà bá tún bẹ̀rẹ̀, Wizard ló tún máa tàn níbẹ̀. GURPS, géèmù míì tó jáde ní 1986, máa ń fúnni ní pọ́íǹtì tó o bá gba àléébù fún káráktà ẹ, ẹni tó bá ti ṣe é á mọ̀ pé àléébù tí kò yọjú rí, pọ́íǹtì ọ̀fẹ́ ni. Nítorí náà, ohun tó bá wúwo jù nínú ìṣirò, inú ìṣirò ni mo ti gé e. Òfin ọba wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n torí pé ó dùn nínú ìtàn ni mo ṣe fi sí i, mi ò fi díwọ̀n agbára ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n dá káráktà tán a dán an wò. Ogre (òmìrán) kan tó ní ẹ̀jẹ̀ 59, ìlẹ̀kùn kan tó tì, ẹ̀ṣọ́ kan tó ń fẹ́ rìbá. Mi ò ka ẹni tó ṣá ogre jù, ohun tí mo ń wò ni bóyá ó dé ibì kan tí gbogbo wọn ti ń dúró de ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta kọjá dáadáa. Ẹni tó ń dúró níwájú, nígbà tá a dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́ ńṣe ló kàn ń wòran, ni mo bá fi kún un pé kálukú mú ìmọ̀ kan láfikún tí kíláàsì ẹ̀ ò ní. Ó mú Insight, látìgbà yẹn òun ló ń mọ̀ tí wọ́n bá ń parọ́ fún ẹlẹ́nu dídùn wa.

Èyí tí mo kọ kẹ́yìn ni pé títí dé lẹ́fẹ̀ẹ̀lì 3, níbi tí ọ̀pọ̀ kíláàsì ti ń yan ẹ̀ka, ẹnikẹ́ni lè pààrọ̀ ohunkóhun láì san nǹkan kan, èmi náà sì lè sọ pé nǹkan kan ti wúwo jù ká jọ tún un ṣe. Lẹ́yìn 3, ìlẹ̀kùn ti tì fún èmi àtàwọn.