Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Ẹ̀rù Àwọn Tó Há Sójú Òfuurufú

Ẹni tó bá fẹ́ kọ irú ìtàn yìí, iwin olórí mẹ́ta ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá. Fi iwin sílẹ̀ ná. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń mí ni kó o fi bẹ̀rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tó ti kúrò láyé lọ sójú òfuurufú, níbi tí nǹkan kò ti wúwo mọ́, èémí gbígbóná kì í gbéra lọ sókè bíi ti ilẹ̀ wa níbí. Bí fáànù kò bá fẹ́ ẹ lọ, iwájú imú ẹni tó ń sùn ni yóò dúró sí, onítọ̀hún á sì tún máa fà á símú. Ìdí nìyẹn tí fáànù kì í fi í dákẹ́ lọ́hùn-ún, tọ̀sán tòru. Kọ ariwo yẹn sí ojú ìwé kìíní, kí òǹkàwé gbàgbé rẹ̀. Tó bá di ojú ìwé ogójì, pa fáànù náà. Ẹni tí wọ́n ti mú iná lọ mọ́ lójú oorun rí nígbà ooru mọ̀ ọ́n: ara á ti jí kí ojú tó là.

Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ibi tí wọ́n wà jìnnà. Tó bá jẹ́ ìtòsí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ni, ọ̀rọ̀ orí rédíò lè gbà tó ìṣẹ́jú 3 kó tó délé, ó sì lè tó 22 nígbà tó bá jìnnà jù. Jẹ́ kẹ́nì kan kígbe pé "Ẹ gbà wá!", kí ìdáhùn dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 44, àlọ àti àbọ̀: "Ẹ tún un sọ, a ò gbọ́ yín dáadáa."

Èèyàn márùn-ún ti tó. Kí ẹnì kan nínú wọn mọ ohun tí kò sọ.

Kí nǹkan àkọ́kọ́ tó máa bàjẹ́ kéré; ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Lọ́jọ́ 16 oṣù keje ọdún 2013, Luca Parmitano, ará Ítálì, ń ṣiṣẹ́ níta International Space Station, ibùdó táwọn èèyàn ń gbé lójú òfuurufú, nígbà tó sọ pé omi wà lẹ́yìn orí òun nínú akoto. Wọ́n kọ́kọ́ fura sí àpò omi mímu rẹ̀. Omi náà kò ṣàn wálẹ̀; ó lẹ̀ mọ́ ọn lórí, ó rá wá síwájú, ó bo ojú, ó dé imú. Okùn tí wọ́n fi so ó ló tẹ̀ lé padà sẹ́nu ọ̀nà. Ó yè é. Àwọn tìrẹ náà, jẹ́ kí wọ́n máa jiyàn lórí ibi tí omi ti ń wá, bó ṣe ń pọ̀ sí i.

Tó o bá dé ìta ọkọ̀, má kọ "gbàù". Ohùn kì í rìn níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Ẹni tó di ara ọkọ̀ mú, àtẹ́lẹwọ́ ni yóò fi mọ̀ pé nǹkan kan ń kàn án: ó gbọ̀n díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún gbọ̀n. Ìgbà yìí ni iwin rẹ lè wá wọlé, tó o bá ṣì fẹ́ ẹ.