Ife Bíà: Yíyàn Rẹ̀, Fífọ̀ Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Bí ìhó bá ti sá lójú bíà kí ẹni tó ń mu ún tó mu ún dé ìdajì, ẹ má tíì bínú sí àwọn tó pọn ọtí. Ife ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọtí kì í rin ìrìn àjò gígùn kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: wọ́n ń pọn ọn ní Ìmàgbọn lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òdé, wọ́n sì ń pọn ọn ní Ṣàgámù. Ohun tó ń bà á jẹ́ sábà máa ń wà nínú bàsíà tí a fi fọ ife, tàbí lára aṣọ tí a fi nù ún, tàbí ní ètè ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán.

Púrótéènì inú ọkà àti ìkorò hóòpù, ìyẹn òdòdó tí wọ́n fi sè é, ló ń gbé ìhó bíà dúró. Wọ́n á so pọ̀ bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á yí afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ inú ọtí ká. Òróró ni ọ̀tá awọ yẹn. Bó ti wù kó kéré mọ, ibi tó bá kàn ni awọ náà ti ń já, afẹ́fẹ́ á jáde, ìhó á wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tún kan àwa ní Nàìjíríà ju àwọn mìíràn lọ. Ní 1988 ni ìjọba fòfin de kíkó báálì, ìyẹn ọkà òyìnbó kan, wọ̀lú fún ọtí pípọn, àwọn ilé ìpọntí sì yà sí ọkà bàbà. Wọ́n ti gbé òfin náà kúrò tipẹ́, ṣùgbọ́n ọkà bàbà kò kúrò nínú bíà wa, ìhó rẹ̀ kì í sì í sábà lágbára tó ti báálì. Ọtí tí ìhó rẹ̀ kò lágbára púpọ̀ kò lè fara da ife tí kò mọ́.

Rírà

Oríṣi méjì ti tó fún ilé, ó sì tó fún ọ̀pọ̀ ilé ọtí. Àkọ́kọ́ ni ife gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, tó sì fẹ̀ díẹ̀ lókè, fún bíà tó mọ́ gaara. Gíga rẹ̀ ń jẹ́ ká rí afẹ́fẹ́ bó ṣe ń gòkè, ẹnu rẹ̀ tí kò fẹ̀ jù sì ń gbá ìhó jọ. Èkejì ni ife ẹlẹ́sẹ̀ tí ikùn rẹ̀ yọ, tí ẹnu rẹ̀ sún wọlé, fún sítáòtù. Sítáòtù tó gbajúmọ̀ jù lọ́dọ̀ wa le tó ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń gbé mì gbuuru. Òórùn ọkà yíyan inú rẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ kan ni, ẹnu ife tó sún wọlé ló sì ń kó o jọ sí imú.

Ilé ọtí tó ń to ife léra nílò ẹ̀kẹta: ife tó yọ bí òrùka ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí ẹnu. Yíyọ yẹn kì í jẹ́ kí ife lẹ̀ mọ́ra, bí méjì bá sì kọlura, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọlu, kì í ṣe ẹnu. Ife ọlọ́wọ́ tó nípọn lẹ́wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n dígí tó nípọn ń tọ́jú ooru yàrá sínú. Bí a bá bu bíà tútù sí i, ooru yẹn ló kọ́kọ́ wọ inú ọtí. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀, kó fi omi tútù ṣàn án dáadáa kó tó bu ọtí. Ife rọ́bà, ẹ fi í sílẹ̀ fún omi: gbogbo ibi tó bá ti ha ni òróró àti òórùn ń sá pamọ́ sí.

Ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ìgò 33cl fẹ́ ife 40cl, nítorí ìhó náà nílò àyè tirẹ̀. Ìgò ńlá 60cl kò nílò ife tó máa gbà á tán. Ife 40cl kan náà ni kí ẹ lò, ẹ bù ú lẹ́ẹ̀mejì, kí ìyókù máa tutù nínú ìgò. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n kọ sára páálí nìkan: «páìǹtì» ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 568ml, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 473ml. Bí ẹ bá ń lọ sí ọjà Òkè-Ajé ní Ìjẹ̀bú-Òdé, ẹ mú òfìfo ìgò 33cl kan dání, ẹ pọn omi kún un, kí ẹ bẹ ọlọ́jà kó jẹ́ kí ẹ dà á sínú ife. Bí omi bá tán tí àyè ìka méjì sí mẹ́ta ṣì kù lókè, ẹ rà á. Bó bá kan ẹnu ife, ó kéré.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ife sí ojú oòrùn. Èyí tí afẹ́fẹ́ há sínú dígí rẹ̀, tàbí tó ní ìlà tí ẹ fọwọ́ kàn tó sì gún yín, ẹ dá a padà. Ẹ gbé e lé ibi tó tẹ́jú, kí ẹ fi ìka kan ti ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń mì, ìdí rẹ̀ kò gún. Lẹ́yìn náà, ẹ mú òwú díẹ̀, kí ẹ fi í yí ẹnu ife po. Ibi tó bá ti fa òwú ni ó ti ṣán, bí ojú kò tilẹ̀ rí i. Ife tó ṣán lẹ́nu kò ní àtúnṣe. Ẹ tún ra èyí tí kò láwọ̀, kí a lè máa rí ọtí, kí a sì lè máa rí ìdọ̀tí. Ife tí wọ́n fi góòlù yí lẹ́nu rẹwà lọ́jọ́ tí a rà á, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń fọ̀ ọ́ ni góòlù náà ń ṣí.

Fífọ̀

Òfin àkọ́kọ́ kò ṣeé yí padà: bàsíà tí a fọ abọ́ ọbẹ̀ nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba ife bíà, fóòmù tó ti kan ìkòkò kò sì gbọdọ̀ kàn án. Bí bàsíà bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo nílé, ife ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀, kí abọ́ tẹ̀lé e.

Ẹ wá bàsíà mẹ́ta àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọ̀gò kan tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ẹ da ìyókù ọtí nù, ẹ fi pépà tíṣù nu ìpara ètè kúrò lẹ́nu ife ní gbígbẹ. Bí omi bá kọ́kọ́ kàn án, ṣe ni yóò tàn ká. Bàsíà àkọ́kọ́ ni ti omi ọlọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ olómi: lítà márùn-ún omi, ṣíbí tíì kan ọṣẹ, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọṣẹ tó pọ̀ jù a máa ṣẹ́ kù sínú dígí, òun náà sì ń pa ìhó. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ inú, ẹ fọ ìdí, ẹ wá fọ ìta ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí ẹnu, ibi tí ètè ń kàn. Bí omi ọṣẹ bá ti ń yọ̀ lọ́wọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kó tó pé ogún ife lẹ́yìn ayẹyẹ, ó ti dọ̀tí.

Bàsíà kejì ni ti omi tútù. Ìdí ife ni kó kọ́kọ́ wọ inú omi, ìdí náà ni kó sì kọ́kọ́ jáde, kí omi lè wọ inú rẹ̀ kó sì ṣàn jáde láìsí afẹ́fẹ́ tó há. Bí omi ẹ̀rọ bá wà, ẹ jẹ́ kó ṣàn lé e lórí, ó dára ju bàsíà lọ. Bàsíà kẹta jẹ́ ti ilé ọtí, níbi tí ẹnu púpọ̀ ti ń kan ife kan náà: lítà mẹ́wàá omi tútù, ṣíbí ìjẹun ńlá kan (15ml) bílíìṣì tó le tó ìdá 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí ife wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òórùn rẹ̀ a máa dúró. Ẹ má sì po bílíìṣì mọ́ ọṣẹ tàbí fínígà, afẹ́fẹ́ tó lè ṣe ènìyàn léṣe a máa jáde níbẹ̀.

Ọṣẹ dúdú dára fún ara, kò dára fún ife yìí: àdín tí wọ́n fi ṣe é a máa fi nǹkan sílẹ̀ lára dígí. Okùn kànrìnkànrìn a máa já sínú ife. Eérú àti yanrìn a máa ha dígí, níbi tó bá sì ti ha ni afẹ́fẹ́ ọtí á máa rọ́ sí. Omi gbígbóná lórí ife tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fíríìjì jáde a máa là á lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí inú àti ìta kì í fẹ̀ lákòókò kan náà. Omi tí ọwọ́ lè gbà ni kí ẹ lò, kí ife sì ti kúrò nínú òtútù tipẹ́.

Níbi tí omi kànga tàbí bóóhòòlù bá ti ń fi àbàwọ́n funfun tàbí pupa sílẹ̀, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sínú lítà omi kan, kí ẹ rẹ ife sínú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kí ẹ wá ṣàn án. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ti tó. Ọṣẹ kì í mú àbàwọ́n yẹn kúrò.

Ṣé ó mọ́ lóòótọ́?

Ojú kò tó láti dá a mọ̀. Ẹ ri ife bọ omi tútù, kí ẹ yọ ọ́. Bí omi bá bò ó bí aṣọ kan ṣoṣo, ó mọ́. Bó bá pín sí ẹ̀kán ẹ̀kán bí ìrì lára ewé kókò, òróró wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó wà gan-an, ẹ gbọn iyọ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù: iyọ̀ a lẹ̀ mọ́ ibi tó mọ́, a sì fo ibi tó lóròóró.

Ọtí pàápàá máa ń sọ fún yín. Nínú ife tó mọ́, gbogbo ìgbà tí a bá mu ún ni ìhó ń fi òrùka sílẹ̀ lára dígí, ẹ sì lè ka iye ìgbà tí ẹnì kan gbé e sẹ́nu. Nínú èyí tí kò mọ́, ìhó a yọ́ lọ láìfi nǹkan kan sílẹ̀, afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ a sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí lábẹ́ ọtí dípò kó gòkè. Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé èyí ni àmì ọtí tó dára. Ìdọ̀tí ló so wọ́n mọ́ ibẹ̀.

Gbígbẹ àti ibi tí a ń kó o sí

Ẹ má fi aṣọ nù ún. Aṣọ ilé ìdáná ti nu ọwọ́ olóròóró, ó sì ń fi òwú sílẹ̀. Ẹ dojú ife dé orí agbọ̀n onírin tó jẹ́ kí atẹ́gùn wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ dé orí aṣọ tàbí tábìlì, ọ̀rinrin á há sínú, á sì máa rùn. Kí agbọ̀n náà jìnnà sí ibi tí ẹ ti ń dín dòdò tàbí àkàrà. Èéfín epo a máa bà lé ife tó mọ́ tónítóní, iṣẹ́ àná á sì di asán.

Tó bá ti gbẹ, ẹ gbé e sínú àpótí tó ní ilẹ̀kùn, kí ẹnu rẹ̀ wà lókè, kó má bàa ṣán, kó má sì fa òórùn pákó. Ẹ yọ káńfọ̀ kúrò nínú àpótí yẹn. Òórùn rẹ̀ ń wọ ife, ó sì ń jáde nínú ọtí. Ẹ má fi ife bíà mu mílíìkì, Bournvita tàbí ògì: ọ̀rá inú wọn kì í tètè lọ.

Bí ife méjì bá wọnú ara wọn tí wọn kò jáde, ẹ má fi agbára fà á, ẹ má sì fi òróró sí i. Ẹ bu omi tútù sínú ti òkè, kí ẹ gbé ti ìsàlẹ̀ sínú omi ọlọ́wọ́ọ́wọ́. Ti òkè á súnkì, ti ìsàlẹ̀ á fẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ rọra yí i.

Bíbù

Ife kò gbọdọ̀ sùn nínú fírísà. Yìnyín tó bo ara rẹ̀ ń mú kí bíà hó jù, ó ń yọ́ sínú rẹ̀, òtútù rẹ̀ sì ń pa ahọ́n kú. Ìgò ni kó tutù: bíà lásán ní ìwọ̀n 4 sí 7 lórí Celsius, sítáòtù ní 8 sí 12. Ẹ fi omi tútù ṣan ife lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbọn omi nù. Ẹ tẹ ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ dé àárín ìdúró àti ìdùbúlẹ̀, kí ọtí máa gba ara dígí kọjá títí yóò fi lé ní ìdajì, kí ẹ wá gbé e dúró, kí ẹ bu ìyókù sí àárín gbùngbùn. Ìhó ìka méjì ló yẹ. Ẹnu ìgò kò gbọdọ̀ kan ife, ẹnu ìgò ti wà nínú eruku àti lábẹ́ ìdérí. Bíà tí a bù láìsí ìhó rárá kò tíì tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, inú ẹni tó mu ún ni yóò sì tú u sí.

Ọjọ́ ayẹyẹ

Ní àsìkò Ojúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ife tí a yá ló ń pọ̀ jù lórí tábìlì àwọn ẹgbẹ́ régbérégbé. Ẹ gbà wọ́n ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ kà wọ́n lójú ẹni tó ni wọ́n, ẹ fi òwú yẹ ẹnu wọn wò, ẹ kọ iye tó ti ṣán sílẹ̀, kí ẹ má bàa san owó ohun tí ẹ kò fọ́. Ẹ tún gbogbo wọn fọ̀, bó ti wù kí wọ́n dán tó. Fún àádọ́ta ènìyàn, ẹ yá àádọ́rin, nítorí wọn kò ní í rọ́wọ́ fọ̀ ọ́ bó bá ti yá. Ẹ gbé tíṣù sí ẹ̀gbẹ́ àwo ẹran àti ọbẹ̀ ata, kí ènìyàn lè nu ẹnu kó tó gbé ife. Ẹ má fi ìka mẹ́ta kó ife mẹ́ta lẹ́nu láti tábìlì: ìdí ni kí ẹ dì mú, tàbí kí ẹ lo àwo ìgbọ́tí.

Èyí tó bá fọ́, ẹ má gbá a sínú àkìtàn lásán. Ẹ fi páálí tàbí pépà tó nípọn wé e, kí ẹ dì í pẹ̀lú téèpù, kí ẹ kọ «ìfọ́ dígí» sára rẹ̀. Èérún tó kéré tí ọwọ́ kò lè mú, ẹ fi búrẹ́dì tútù tẹ̀ ẹ́ lórí ilẹ̀, kí ẹ wé e pọ̀ mọ́ ìyókù, kí adìẹ má lè rí i ṣà.